Bí mo ṣe tún àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀ mi tò, tí mo sì tì í ní kọ́kọ́rọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni fóònù mi dún. Obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ni. Èmi ni mo wọn púlọ́ọ̀tì méjì tó rà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, n'Ìbàdàn. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀: "Sọ̀féyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fún ní sọ̀fé ilẹ̀ mi?" Ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí ló gbé ẹ̀dà pílánì náà tọ àbúrò rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ yẹn, tó ń béèrè iye tí wọ́n fẹ́ tà á. Pé orúkọ rẹ̀ wà lára pílánì kì í ṣe tuntun, ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ohun tó já mi láyà ni pé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti síílípù NIN rẹ̀ wà nínú fáìlì kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

N ò sùn mọ́jú. Mo tọ ipasẹ̀ fáìlì náà padà títí mo fi rí ibi tó ti jáde. Tádà ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ọmọ ọ́fíìsì mi kan sì fi gbogbo ìwé oníbàárà yìí, PDF kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí ímeèlì ilé ìtẹ̀wé kan ládùúgbò. Wọ́n tẹ pílánì fún wa, fáìlì sì dúró sórí kọ̀ǹpútà wọn, níbi tí ẹni tó bá wọlé ti lè ṣí i. Kò sí olè tó fọ́lé. Àwa fúnra wa la gbé e jáde.

Mo pe obìnrin náà padà láàárọ̀, mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un láì fi ohunkóhun pamọ́, mo sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Àwa wọnlẹ̀wọnlẹ̀ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bánkì àti ilé iṣẹ́ fóònù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tàbí ibi tí ènìyàn ń gbé sọ́wọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀, òfin náà mú un. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò, tó sì lè pa onítọ̀hún lára, wákàtí 72 lèèyàn ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òfin náà, létí, láti ìgbà tó ti mọ̀. Fún ọ́fíìsì kékeré, owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Mo kọ̀wé sí àjọ náà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ìtanràn ló lé mi sídìí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ohùn obìnrin yẹn ni.

Mo kọ́kọ́ ka gbogbo ibi tí àkọsílẹ̀ oníbàárà wà. Láàpútọ́ọ̀pù méjì, háàdì dísíkì kan tó ti ń dún gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́, fíláàṣì mọ́kànlá, fóònù mẹ́rin, káátọ́ọ̀nù mẹ́fà tó kún fún fíìdì búùkù, ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n sí lóko. Gmail kan wà tí ènìyàn márùn-ún mọ pásíwọọ̀dù rẹ̀, méjì nínú wọn sì ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ibi tí n ò rò tẹ́lẹ̀ rárá ni inú àwọn irinṣẹ́ tí a máa ń yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yá GNSS (ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí a wà) tàbí total station (ẹ̀rọ tó ń wọn igun àti jíjìnnà) lọ sóko, ẹ wo inú ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó dá a padà: orúkọ oníbàárà ni àwọn ọmọ fi ń sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo igun ilẹ̀ rẹ̀ nínú. Ẹni tó bá yá a lẹ́yìn yín á bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Mo bá orúkọ oníbàárà àwọn ẹlòmíràn nínú èyí tí mo yá lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìpinnu tó gba ọjọ́ mi jù lọ ni kí n mọ èyí tí màá fi sílẹ̀ àti èyí tí màá pa rẹ́. Mo pín gbogbo nǹkan sí ọ̀nà méjì: ti ilẹ̀ àti ti ènìyàn. Ti ilẹ̀ ni fíìdì búùkù, ohun tí ẹ̀rọ kà lóko, ìṣirò, àwòrán orí kọ̀ǹpútà (DWG), nọ́ńbà àwọn bíkọ̀n (òpó tí a rì sí igun ilẹ̀) àti pílánì tí a fi òǹtẹ̀ lù. Ìwọ̀nyí kò gbọdọ̀ kú. Lóòótọ́, ẹ̀dà pílánì máa ń lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó wọn ilẹ̀ ló ń sọ bí a ṣe dé orí iye tí a kọ. Bí ọmọ tí wọn ò tíì bí bá wá ààlà bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló ti máa rí i. Ti ènìyàn ni NIN, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù, rìsíìtì, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ra ilẹ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, tí a sì ti gba owó, kí ni mo tún ń fi síílípù NIN ẹni ẹlẹ́ni ṣe? Mo bi ara mi léèrè ìbéèrè yìí lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ "kò sí" lọ́pọ̀ ìgbà. Mo pa wọ́n rẹ́, mo sì sun ẹ̀dà tó wà nínú ìwé.

Orúkọ ènìyàn kò sí lára fódà kankan mọ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́ báyìí ni 2019-EGB-014: ọdún, ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lọ́tọ̀, èmi àti akọ̀wé mi nìkan la lè ṣí i. Orúkọ ṣì wà lórí pílánì fúnra rẹ̀, a ò lè yọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn rí fíláàṣì mi he kò ní mọ ilẹ̀ ta ni ó wà níbẹ̀ kó tó ṣí nǹkan kan.

Nínú fódà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìwé kékeré kan tí mo pè ní KÀ-MÍ. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ó jọ pé nǹkan kékeré ni. Àwọn pílánì wa àtijọ́ wà lórí Minna, datum (ìpìlẹ̀ tí a fi ń ka ibi tí nǹkan wà) tí wọ́n fi ṣe ìwọnlẹ̀ Nàìjíríà, tí a gbé ka Clarke 1880, ìṣirò kan nípa bí ayé ṣe rí. GNSS ń fún wa ní WGS84, datum mìíràn. Lójú, nọ́ńbà méjèèjì jọra: Easting (sí ìlà-oòrùn) àti Northing (sí àríwá), UTM zone 31 (ẹ̀ka máàpù tí agbègbè wa wà). Bí o bá mú ọ̀kan lò bí èkejì ní agbègbè wa, ó lé ní mítà 100 tó o fi ṣìnà. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100 kò ju nǹkan bíi mítà 15 lọ́nà 30 lọ. Àṣìṣe yẹn á gbé ilẹ̀ èèyàn fo púlọ́ọ̀tì mẹ́fà. Mo bá fódà mẹ́ta tí kò sí ohun tó sọ èyí tí a lò, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sì ti lọ sí Kánádà. Mo ní láti padà sóko, mo wá bíkọ̀n àtijọ́ rí lábẹ́ koríko, mo gbé ẹ̀rọ lé wọn lórí kí n tó mọ̀. Ọjọ́ méjì odindi ló gbà, nítorí ìlà kan tí ẹnìkan kò kọ. Nítorí náà KÀ-MÍ gbọ́dọ̀ sọ datum, zone, bóyá mítà ni àbí ẹsẹ̀ bàtà, bíkọ̀n ìjọba tí a gbára lé, ẹ̀rọ tí a lò, ọjọ́, àti ẹni tó kà á.

Ti ìwé kò pẹ́ láti sọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ káátọ́ọ̀nù kan. Mo sọ fíìdì búùkù di fáìlì lórí síkánà ní 300 dpi. Mo kọ́kọ́ fi fóònù yà á, mo sì jáwọ́, torí etí ìwé ń tẹ̀, nọ́ńbà 1 àti 7 tí a fi pẹ́ńsùlù kọ sì ń jọra. N ò ju ojúlówó nù. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí mo gbé lé búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú káńfò láàárín wọn.

Ó wá kan kọ́kọ́rọ́. Windows Home ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù wa, kò sì ní BitLocker, ètò tó ń ti dísíkì pa, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Pro ṣe ní in, nítorí náà VeraCrypt, ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnìkan bá jí háàdì dísíkì náà, irin lásán ló gbé lọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bá ara wọn tan ni pásíwọọ̀dù mi, kò sí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Gmail yẹn, mo yí tirẹ̀ padà, mo sì mú kó máa béèrè nọ́ńbà kejì lórí fóònù mi kó tó ṣí. Ohun kan ń dà mí láàmú síbẹ̀: bí mo bá kú lónìí, àkọsílẹ̀ ogún ọdún bá mi lọ nìyẹn. Mo kọ pásíwọọ̀dù sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo buwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi kan tí òun náà jẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe. Ọ̀kan wà lórí láàpútọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí háàdì dísíkì tuntun tí mo máa ń gbé lọ ilé lọ́jọ́ Sátidé, tí n kì í jẹ́ kó máa wà lára kọ̀ǹpútà lásán, torí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ ọ̀kan á wọ èkejì tó bá so mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títì pa ni mo sì ti í kó tó gòkè lọ. Mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe: mo yá kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ mí rí, mo sì gbìyànjú láti kó iṣẹ́ padà láti orí háàdì dísíkì. Nínú ogún fódà tí mo mú láìṣẹ̀sà, méjì ò ṣí. Iná ló lọ nígbà tí a ń dà wọ́n kọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìdàkọ kọ̀ọ̀kan, a máa ń fi SHA-256, ètò tó ń sọ fáìlì di ìlà àmì kan, wé ojúlówó àti ẹ̀dà, tí ìlà àmì méjèèjì kò bá dọ́gba, a tún un dà kọ.

WhatsApp ni mo bá àwọn ọmọ ọ́fíìsì jà lé lórí jù, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Pílánì nìkan ló ń jáde báyìí, kì í ṣe gbogbo fáìlì, nọ́ńbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ fún wa la sì ń fi ránṣẹ́ sí. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé A3. Bó bá di dandan kí a tẹ̀wé níta, fíláàṣì tí pílánì yẹn nìkan wà lórí rẹ̀ la máa gbé lọ, ẹni tó gbé e lọ á sì dúró títí wọn á fi pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Lọ́yà obìnrin tó ni ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá yẹn kọ̀wé sí ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà, àbúrò rẹ̀ sì ti mọ fẹ́ǹsì yí ilẹ̀ ká. Obìnrin náà ṣì ń pè mí. Ó ní ó dùn òun, pé ṣùgbọ́n òun mọrírì bí mo ṣe tètè sọ òtítọ́.

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Ìdó. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá mi ti di olóògbé. Ẹ̀yin lẹ wọn ilẹ̀ wọn ní 2009, ìwé sì ti sọnù." Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi rí i. N ò sì tíì fún un. Mo ní kó lọ gba ìwé àṣẹ láti máa bójú tó ohun ìní olóògbé wá láti ilé ẹjọ́, torí n ò mọ̀ bóyá ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú ìwé náà. Mo tẹ pílánì bàbá wọn, wọ́n buwọ́ lu ìwé ìgbàṣẹ́, mo kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà fi ìka tọ ìlà ààlà náà láti bíkọ̀n kan sí èkejì, ó ní ibẹ̀ ni igi ọsàn wọn wà.