Ẹ dán ọ̀dà wò kó tó kan mọ́tò
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ tún fẹ́ńdà tàbí ilẹ̀kùn mọ́tò kùn, ẹ má jẹ́ kí péńtà fi ojú lásán po ọ̀dà. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ọ̀dà mọ́tò yín (ó sábà máa ń wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì), kó fi nọ́ńbà náà po ọ̀dà, kó fín in sára páànù kékeré, kó fi kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) lé e. Tó bá gbẹ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò níta gbangba, nínú oòrùn, kì í ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọ̀ wọn bára mu. Oòrùn ti mú kí ọ̀dà àtijọ́ ṣá, nọ́ńbà ò sì mọ ìyẹn. Ẹ ní kó jẹ́ kí àwọ̀ tuntun náà máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọ ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé ibi tó kùn, kó wá fi kílíà bo ilẹ̀kùn yẹn látòkè délẹ̀. Ojú ò ní rí ààlà. Àmọ́ tí wọ́n bá ti kun mọ́tò náà rí, nọ́ńbà lè má wúlò mọ́.