Bí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Bá Gan: Ẹ Ṣe Ẹ̀dà Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan fsck

Akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ àgbẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti gbogbo ilé tó ń fi kọ̀ǹpútà Ubuntu pa àkọsílẹ̀ owó àti irè oko mọ́. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣí Terminal, bẹ́ẹ̀ la ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan sínú LibreOffice. Ẹ mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ń bá pàdé láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ la fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti kó bá èèyàn jù.

Ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí ìwé owó wọn wà nínú rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n pín owó ọdún ni kọ̀ǹpútà náà gan pa. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, wọ́n tún un tàn, ó tún gan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà karùn-ún, ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ̀rọ̀ funfun síbẹ̀: UNEXPECTED INCONSISTENCY, RUN fsck MANUALLY. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ kọ fsck -y (fsck ni àṣẹ tó ń tún ètò inú díìsìkì ṣe, y ni pé kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè), nọ́ńbà sì ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo fi dé, ẹ̀rọ ti tàn, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Akápò wọn, ìyá àgbà kan, ṣí fódà tí ìwé owó ọdún 3 wà. Òfìfo ló bá. A lọ wo fódà tó ń jẹ́ lost+found, níbi tí fsck ń kó fáìlì tó ti pàdánù orúkọ sí, a bá fáìlì jáǹtìrẹrẹ tí orúkọ wọn jẹ́ #131077, #131078, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ọmọ mi, èwo ni ìwé wa nínú ìwọ̀nyí?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ti bàjẹ́.

Kì í ṣe gígan ló jẹ ìwé yẹn. Títún un ṣe nígbà tí kò tíì sí ẹ̀dà ló jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí: iṣẹ́ fsck ni láti mú kí ètò inú díìsìkì bá ara mu. Kì í ṣe aláàánú fáìlì yín. Bí ìlà kan tó tọ́ka sí ìwé yín bá ti ya, fsck lè gé e kúrò kí ìyókù lè gún, á sì ròyìn fún yín pé òun ti tún un ṣe. Òótọ́ ló sì sọ.

Nígbà tó bá gan

Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì iná. Ẹ wo aago, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 gbáko. Díìsìkì tó ń ṣàìsàn lè jókòó ti ojú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí Linux, tí í ṣe ọkàn Ubuntu, tó sọ pé ó tó, kó sì tún un gbìyànjú. Linux kì í sì í kọ ìkìlọ̀ pé iṣẹ́ kan ti há títí ìṣẹ́jú-àáyá 120 yóò fi kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró oṣù mẹ́sàn-án de iṣu, ìṣẹ́jú 5 kò yẹ kó le fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pa pọ̀. Bí ojú dúdú tó ń béèrè orúkọ bá jáde, ẹ wọlé, kí ẹ kọ

free -h
df -h
sudo dmesg | tail -n 50

Bí ti àkọ́kọ́ bá fi hàn pé RAM ti tán, tàbí tí ìkejì bá sọ pé díìsìkì ti kún dé 100%, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Ẹ pa ohun tó ń jẹ RAM, tàbí kí ẹ kó fídíò ìgbéyàwó yẹn kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ìkẹta ló kàn wá. Bí ẹ bá rí I/O error, dev sda, tàbí EXT4-fs error, tàbí Remounting filesystem read-only, díìsìkì ló ń ké. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, àwọn kan máa ń rò pé Linux ń ya aláìgbọràn, wọ́n á wá fi àṣẹ tipátipá ṣí i padà fún kíkọ. Ẹ má dán an wò. Ṣe ló ti ilẹ̀kùn kí nǹkan má bàa bàjẹ́ sí i. Ẹ fi foonu ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà, kí ẹ tó kọ sudo poweroff.

Bí F3 kò bá dáhùn, ẹ di Alt àti PrtSc mú (lápútọ́ọ̀pù mìíràn á ní kí ẹ fi Fn kún un), ẹ tẹ S, ẹ dúró ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ẹ tẹ U, ẹ tún dúró 5. Kí ẹ wá tẹ B. S á ti ohun tó ṣì wà nínú RAM sórí díìsìkì, U á sé e mọ́ kíkọ, B á tún ẹ̀rọ tàn; fláàṣì tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí ni kí ẹ jẹ́ kó fi tàn, kì í ṣe díìsìkì náà. Ohun tí ẹ kọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó kẹ́yìn lè má tíì dé orí díìsìkì rárá, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì iná fi burú. Lẹ́tà mẹ́fà (R, E, I, S, U, B) ni àwọn kan ń kọ́ yín. Nọ́ńbà tí Ubuntu fi sí i láti ilé jẹ́ 176, òun ni kò fi gbà ju S, U àti B lọ nínú wọn. Mẹ́ta yẹn tó.

Bí èyí náà bá kọ̀, ìgbà yẹn ni ẹ lè tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má ṣe tún un tàn láti wò ó bóyá ó ti dáa.

Fláàṣì Ubuntu ni kí ẹ fi tàn án

Gbogbo ẹgbẹ́ ló yẹ kó ní fláàṣì 8GB kan tí Ubuntu wà lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ sí i lára, kí wọ́n fi í sínú àpótí kan náà tí káṣíbúùkù wà. Ẹ fi í tan ẹ̀rọ, ẹ mú “Try Ubuntu”, ẹ má mú “Install” láéláé. Bí àwòrán díìsìkì yín bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ ẹ́ ń ṣí i fún kíkọ, a ò sì fẹ́ kí ohunkóhun kọ nǹkan sí i.

Ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí ẹ wá kọ

sudo add-apt-repository universe
sudo apt install smartmontools gddrescue
lsblk -f
sudo smartctl -a /dev/sda

Nínú èsì smartctl, tó ń sọ ìlera díìsìkì, ẹ wo àwọn ìlà tí nọ́ńbà tó ṣáájú wọn jẹ́ 5, 197 àti 198, ní òpó tó gbẹ̀yìn. Òdo ni a fẹ́ rí. Bí 197 tàbí 198 bá ti ju òdo lọ, àwọn ojú ibì kan wà lórí díìsìkì náà tí kò ṣeé kà mọ́, mi ò sì ní gbà yín níyànjú láti tún gbé ìwé owó kankan lé e. Bí 199 ló ń pọ̀ sí i, wáyà ni ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ NVMe (irú díìsìkì tuntun kan), orúkọ rẹ̀ á jẹ́ /dev/nvme0n1, ìlà tí ẹ ó sì wò ni Media and Data Integrity Errors. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ PASSED tó wà lókè tàn yín. Mo ti rí díìsìkì tó kọ PASSED ní òwúrọ̀ tó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí díìsìkì bá ń dún kà-kà-kà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba fáìlì là. Ẹ má tú u. Ẹ má gbá a. Ẹ má gbé e sínú fíríjì, ẹni yòówù tó bá sọ fún yín.

Ẹ̀dà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹ wá díìsìkì mìíràn tí à ń kì bọ USB, tí ààyè rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìpín (partition) tí ẹ fẹ́ dà kọ, nítorí ẹ̀dà méjì la ó ṣe. Bí ìpín yín bá jẹ́ 500GB, 2TB ni kí ẹ rà. Ẹ má lo èyí tó jẹ́ FAT32, torí kò lè gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ. Ext4 tàbí exFAT ni. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ó wọ́n. Ẹgbẹ́ tó ń ra ajílẹ̀ lọ́pọ̀ àpò lọ́dọọdún kò yẹ kó máa ṣahun lórí ohun tí orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ká sọ pé lsblk ti fi hàn pé sda2 ni ìpín tí ìwé wà, tí díìsìkì tuntun sì ń jẹ́ EDA, ddrescue tí a gbé wọlé pẹ̀lú gddrescue ni a ó fi dà á kọ:

sudo ddrescue -d -n /dev/sda2 /media/ubuntu/EDA/egbe.img /media/ubuntu/EDA/egbe.map

Èyí tó ń ṣàìsàn ló ń ṣáájú, èyí tó ń gbà ló ń tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó tẹ Enter, kí ẹnì kejì ka ìlà náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lórí USB 2, 500GB lè gbà tó wákàtí 5. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kọjú fáànù sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má bara jẹ́: egbe.map ló ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ tún kọ àṣẹ kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà, á máa bá a lọ láti ibi tó dúró. Ẹni tó bá pa egbe.map rẹ́ ti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Tó bá parí, ẹ padà sórí àwọn ibi tó kọ̀:

sudo ddrescue -d -r3 /dev/sda2 /media/ubuntu/EDA/egbe.img /media/ubuntu/EDA/egbe.map

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó. Ẹ yọ díìsìkì àtijọ́ kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́yìn náà.

Ìgbà yìí ni fsck kàn

Lórí ẹ̀dà ẹ̀dà ni, kì í ṣe lórí díìsìkì, kì í sì í ṣe lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́. e2fsck ni orúkọ fsck tó wà fún ext4.

cd /media/ubuntu/EDA
cp egbe.img egbe2.img
e2fsck -fn egbe2.img

Lẹ́tà n yẹn ní kí ó wò ó láìfọwọ́ kàn án. Ẹ kà á, ẹ ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, e2fsck -f egbe2.img. Níbí yìí, ẹ lè tẹ y títí ilẹ̀ á fi mọ́, nítorí bó bá bà á jẹ́, egbe.img ṣì wà. Bó bá ní òun ò rí superblock (ibi tí ìsọfúnni pàtàkì nípa ètò díìsìkì wà), ẹ kọ e2fsck -f -b 32768 -B 4096 egbe2.img. Ẹ ṣí i báyìí:

sudo mount -o ro,loop egbe2.img /mnt

kí ẹ wo inú /mnt/home. Bí ìwé bá sọnù níbẹ̀, sudo bash -c 'file /mnt/lost+found/*' á sọ irú ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. OpenDocument Spreadsheet ni ẹ ń wá. Ẹ dà á kọ síbòmíràn, ẹ fi .ods kún orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, PhotoRec, tó wà nínú testdisk, lè wá a láti inú egbe.img.

Ẹ lè lo e2fsck lórí díìsìkì gan-an bí nọ́ńbà 5, 197 àti 198 ti smartctl bá jẹ́ òdo, tó jẹ́ pé iná tó lọ lójijì ló fa wàhálà, tí ẹ̀dà sì ti wà. Láti orí fláàṣì náà ni. Bó bá kìlọ̀ pé is mounted, n ni ìdáhùn. Ẹ kọ sudo umount /dev/sda2 kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi y dáhùn ìkìlọ̀ yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba ìwé ẹgbẹ́ jẹ́. Bí díìsìkì bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ètò inú rẹ̀ tún ń dàrú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí memtest86+, tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ di àárọ̀.

Lẹ́yìn èyí

Púpọ̀ nínú lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo ń rí ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni bátìrì wọn ti kú, tí wọ́n kàn ń jẹ iná NEPA tààrà. Gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ́jú, bọ́tìnnì iná ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ ra bátìrì, tàbí UPS.

Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé kọ rsync -a ~/Iwe-egbe/ /media/$USER/EDA/Iwe-egbe/, kí ó sì ṣí fáìlì kan lórí EDA níṣojú akápò. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò rí, mi ò kà á sí ẹ̀dà. Kí díìsìkì EDA jẹ́ méjì, ọ̀kan nílé akọ̀wé, ọ̀kan nílé akápò, kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù.

Ní ti díìsìkì àtijọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù, ẹ má sì tà á. Ẹ fi báírò kọ déètì sórí tépù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ fi í pa mọ́ títí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi mú káàdì ìdáwó wọn wá, tí akápò á sì fi ṣàyẹ̀wò ìwé tuntun ní ẹyọ ẹyọ.