Bí mọ́tò bá kú lé ojú irin lọ́sàn-án: bí ẹ ṣe máa fi iná pupa àti èéfín ké sí dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin

Iṣẹ́ mọ́tò àlòkù ni mò ń ṣe ní Saitama, lẹ́bàá Tokyo. À ń tú wọn, a ó kó ẹ́ńjìnnì, jíà àti iná iwájú sínú kọ̀ǹténà, ó di Ládipọ̀. Kí n tó fi sípánà kan ohunkóhun lára mọ́tò tó bá wọ ọgbà wa, ọ̀pá pupa kékeré kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, nítorí ohun tó ń gbiná ni, kò gbọdọ̀ bá ẹrù wọ ọkọ̀ òkun. Hatsuentō ni wọ́n ń pè é níbí. Òfin Japan ló ní kí ohun ìkìlọ̀ pàjáwìrì wà nínú gbogbo mọ́tò, òun sì ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ń gbé kiri. Mo ti pàdé ará ilé wa tó wakọ̀ níbí fún ọdún mẹ́fà tí kò mọ̀ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí.

Ní oṣù Ògọ́sì kan, nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré mi kú lórí fumikiri, ìyẹn ibi tí títì ti gba orí irin kọjá, láàárín oko ìrẹsì. Oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fa hatsuentō yọ, ó ṣá a, ṣá a, kò gbiná. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń ro ọgbà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló sáré wá, ó na ọwọ́ kọjá mi, ó sì tẹ bọ́tìnì pupa kan tó wà lára òpó. Èmi ti wo òpó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí bọ́tìnì kankan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ dúró lókèèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ ní ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó gba láísẹ́ǹsì.

Bí mọ́tò yín bá ṣì lè rìn, tí ọ̀pá ìdènà sì ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú yín, ẹ má dúró máa wò ó. Ẹ rọra wà á lọ síwájú, kí ẹ fi mọ́tò tì í. Wọ́n ṣe ọ̀pá náà kí ó lè tẹ̀ kí mọ́tò sì gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀rù pé a ó san owó ọ̀pá ló máa ń mú kí ẹlòmíràn jókòó sí àárín irin. Ọ̀pá ni, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́.

Bí kò bá rìn mọ́, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde ná, kí wọ́n kúrò lórí irin pátápátá. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnì. Ó máa ń wà lára òpó tí aago ìkìlọ̀ wà tàbí nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, iná pupa tó kọjú sí dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, òun á sì mọ̀ pé nǹkan dí ọ̀nà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn ṣe. Kò sí iná ọwọ́ tàbí èéfín tó yára tó o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fumikiri ló ní bọ́tìnì. Ní ìgbèríko, ẹ ó rí èyí tí kò ní ọ̀pá ìdènà, tí kò ní aago, àfi àmì lásán. Ibẹ̀ ni hatsuentō ti di ẹ̀mí yín.

Ní ti bí a ṣe ń tan án: ẹ di ìdí ọ̀pá náà mú, ẹ yí i kí ẹ sì fà á yọ nínú àpò rẹ̀. Lára ìdérí ni ojú líle kan wà bíi ti páálí ìṣáná. Ẹ fi orí ọ̀pá ṣá a bí ẹ ṣe ń ṣá ìṣáná, kí ẹ na ọwọ́ jìnnà sí ojú àti aṣọ yín, kí ẹ má sì kọjú sí afẹ́fẹ́. Iná pupa á rú jáde pẹ̀lú èéfín. Á jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá ń gbóòórùn epo bẹntiróòlù, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣá a. Ẹ má tàn án nínú ihò abẹ́ òkè, èéfín á bo gbogbo yín mọ́lẹ̀.

Ibi tí ẹ ó dúró sí láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa. Fún ọdún pípẹ́, òfin wọn níbí là á sílẹ̀ pé bí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì pàjáwìrì, kí ọkọ̀ ojú irin lè dúró láàárín mítà 600. Ẹ fojú inú wo mítà 600: ó ju pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tí a tò tẹ̀léra lọ. Bí ẹ bá dúró ti mọ́tò yín tí ẹ ń fi iná juwọ́, tí irin sì ṣẹ́ kọ́nà ní mítà 200 síwájú, nígbà tí dírẹ́bà bá rí yín, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Nítorí náà, bí ọ̀nà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ẹ gba ọ̀nà náà lọ sí apá ibi tí ọkọ̀ á ti wá, títí dé ibi tí dírẹ́bà á ti tètè rí yín. Ẹ má rìn lórí irin. Bí ọkọ̀ bá sì ti sún mọ́, ẹ má sáré lọ pàdé rẹ̀, ẹ yà kúrò. Kí ẹlòmíràn gba apá kejì lọ, nítorí ọkọ̀ lè wá láti ìhà méjèèjì.

Apá kejì yẹn, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ní Mikawashima ní Tokyo, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan kọjá àmì ìdádúró, ó yà kúrò lórí irin, ọkọ̀ èrò kan sì kọlù ú. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń rìn lórí irin. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 kí ọkọ̀ èrò mìíràn tó dé láti òdìkejì, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Èèyàn 160 ló kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá iná pupa sórí òrùlé ọkọ̀ ojú irin, èyí tí dírẹ́bà lè tàn láti ìjókòó rẹ̀, tí wọ́n sì fi rédíò tó ń kìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí kún un. Bí mo bá rí iná kékeré yẹn lórí òrùlé ọkọ̀, mo máa ń rántí ìṣẹ́jú 7.

Wàyí o, ọ̀sán. Iná tó ń mọ́lẹ̀ kedere lóru, oòrùn á gbé e mì lọ́sàn-án. Èéfín ló ń ràn án lọ́wọ́. Orúkọ ọ̀pá yìí alára ti ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ hatsuentō. Ìkan ní àmì 炎, iná. Ìkejì ní àmì 煙, èéfín. Bí ẹ bá fetí gbọ́ ọ, ọ̀kan náà ni. Ní tiwa, ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Níbí, ìwé ló ń yà á. Tinú mọ́tò, ti iná ni. Ti èéfín, tó ń rú pupa tàbí àwọ̀ ọsàn, irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò lórí òkun: èéfín aláwọ̀ ọsàn tí òfin ọkọ̀ òkun béèrè gbọ́dọ̀ rú fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán, torí àwọ̀ yẹn máa ń hàn kedere lórí òkun. Ẹ má ra ìyẹn dípò èyí. Iná pupa ni òfin ọkọ̀ ojú irin mọ̀ sí “dúró”. Ẹ má sì gbìyànjú láti po èéfín aláwọ̀ fúnra yín nílé. Mo mọ ohun tí irú ẹ̀ lè ṣe fún ọwọ́ èèyàn.

Bí hatsuentō bá kọ̀, bí tiwa ṣe kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tàbí tó ti jó tán, ìwé ìlànà ìrìnnà tí ìjọba Japan ń tẹ̀ jáde sọ ọ́ kedere pé kí ẹ sun ohun tó máa ń rú èéfín nítòsí ibẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìwé tàbí páálí gbígbẹ nísàlẹ̀, ewéko tútù lórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, jìnnà sí mọ́tò àti sí koríko tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ń sun koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wọn, dírẹ́bà sì lè rò pé irú rẹ̀ ni. Èéfín nìkan kò tó. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ máa juwọ́. Nínú ìlànà àmì ọwọ́ wọn, bí kò bá sí àsíá pupa lọ́sàn-án, kí èèyàn na apá méjèèjì sókè gbọnrangandan, tàbí kí ó máa fi ohunkóhun juwọ́ fìrìfìrì, “dúró” ni. Àfi àsíá àwọ̀ ewé nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Agége á rántí ọkùnrin tó ń dúró ti ojú irin pẹ̀lú àsíá pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ ń ṣe yẹn.

Àwọn kan ti fi iná oníbátìrì rọ́pò hatsuentō. Òfin gbà á. Lóru, ó dára. Lọ́sàn-án Ògọ́sì, èmi ò lè fi ẹ̀mí mi lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ẹ pe 110, nọ́ńbà ọlọ́pàá, tàbí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òpó pẹ̀lú orúkọ fumikiri náà. Ẹ sọ pé: “Fumikiri de kuruma ga tomarimashita,” ìyẹn ni pé mọ́tò ti dúró sórí fumikiri. Kí ẹ wá ka orúkọ ara òpó fún wọn. Wọ́n á mọ ibi tí ẹ wà.

Kí ẹ tó wakọ̀ lọ́la, ẹ ṣí ilẹ̀kùn apá òsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọdún 4 ni ọ̀pá kan ń lò, ọjọ́ tí yóò parí wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, ilé ìtajà ohun èlò mọ́tò ní tuntun. Èmi ti fi bírò pupa kọ ọjọ́ tèmi sára sítíkà kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárì, níbi tí ojú mi ti ń bà á ní gbogbo àárọ̀.