Tí ìyá ọkọ bá ní ọmọ ò níí gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ má bá wọn jà. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, ẹ ti wẹ ọmọ, ẹ ti gbé e pọ̀n, káàdì ti wà nínú báàgì, kẹ́nì kan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kó ní ọmọ-ọmọ òun ò níí gba abẹ́rẹ́ kankan. Ohun tójú mi rí nìyẹn nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Òkèlélé, nílùú Ìlọrin níbí. Ìyá ọkọ mi, Alhaja là ń pè wọ́n, ni wọ́n ní rárá, mo fèsì, ohùn mi lọ sókè, ọkọ mi dákẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló lọ sí i kí n tó rí ọmọ náà gbé jáde. Ìgbà tí mo wá jókòó tì wọ́n, tí mo bi wọ́n jẹ́jẹ́, ni mo tó mọ̀ pé ọmọ wọn kan ti gba abẹ́rẹ́ rí, ara ẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, itan ẹ̀ wú, kò sì sẹ́ni tó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ọmọ ń kú lọ ni. Ẹ̀rù òru ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n gbé pamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n. "Alhaja, kí lẹ rí tí ẹ̀rù ẹ̀ fi ń bà yín?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ má tíì ṣàlàyé nǹkan kan, torí tẹ́ni tó ń bẹ̀rù ibà bá ń gbọ́ àlàyé nípa ẹ̀sìn lẹ́nu yín, á mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ òun rárá.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní àwọn òyìnbó fẹ́ fi sọ ọmọ wa di àgàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní irọ́ ni kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ibi tó ti wá, àwọn ará Ìlọrin tó ń lọ ra ọjà ní Kano sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kano, iléeṣẹ́ apoògùn Pfizer gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá, wọ́n ń dán an wò lára àwọn ọmọ, àwọn kan kú, àwọn òbí ní wọn ò bá àwọn sọ òótọ́, ẹjọ́ yẹn fà títí di 2009 kí wọ́n tó fẹnu kò lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Òótọ́ lọgbẹ́ yẹn, ẹ gbà fún wọn. Ẹ wá fi kún un pé Trovan kì í ṣe àjẹsára, oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ti ń ṣàìsàn ni. Nígbà tó di 2003, ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ míì lókè Ọya dá àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, olómi tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ, dúró. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá gbilẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2004 ni Kano padà bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia ni wọ́n sì lò, ilẹ̀ Mùsùlùmí. Àwọn ọmọbìnrin tó gba olómi yẹn nígbà náà ti dàgbà, wọ́n ti ń bímọ. Ẹ ka àwọn tó wà ládùúgbò yín sí Alhaja létí, ẹ pe orúkọ ọmọ tí kálukú bí.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ẹ má fi ẹnu ara yín wáàsí fún ẹni tó bí ọkọ yín. Ẹ lọ bá Àáfà tí wọ́n ń tẹ́tí sí, ẹ lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀ọ̀ kí wọ́n lè ráàyè yín, kẹ́ ẹ sì mú káàdì ọmọ dání. Àáfà tiwa rántí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó bi Ànábì pé ṣé kóun so ràkúnmí òun ni àbí kóun fi í sílẹ̀ kóun gbára lé Ọlọ́hun, Ànábì ní so ó, kó o sì gbára lé Ọlọ́hun. Àáfà ò sọ ju ìyẹn lọ, ó tó.

Èyí tó le jù ni "àwa ò gbà á, a ò kú". Ẹ fọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un o. Mo bi Alhaja pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n ní mẹ́jọ. Márùn-ún ni mo mọ̀. Àwa méjèèjì dákẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ fúnra wọn pé èèyi ló mú méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní mísùs yìí náà. Tí àgbàlagbà bá sọ irú ìyẹn fún yín, ẹ má wá sọ pé "ṣẹ́ ẹ rí i báyìí", ẹ bá wọn kẹ́dùn. Ẹ tún lè rán wọn létí olóde, àìsàn tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ ní kí wọ́n wo àdúgbò, ta ló rí i mọ́? Àjẹsára ló lé e kúrò láyé, wọ́n kéde ẹ̀ ní 1980.

Tó bá jẹ́ bàbá ọmọ ló rí i lórí Wásáàpù pé ó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ìyẹn yá. Dókítà Andrew Wakefield ló kọ ọ́ ní London ní 1998, ọmọ 12 péré ló fi kọ ọ́, ìwé ìròyìn ìṣègùn tó gbé e jáde yọ ọ́ kúrò ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ó yá, wọ́n ti gbà fún yín, ẹ jẹ́ ká gbọ́mọ lọ.

Èyí tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ ìbí, ẹ má dúró de ìkómọ. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ní apá òsì wà níbẹ̀, olómi ẹnu wà níbẹ̀, ti àrùn ẹ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì ṣiṣẹ́ jù tí ọmọ bá gbà á láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Àwa tá a máa ń jókòó ogójì ọjọ́ nílé, ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42, torí náà ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde ogójì, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ méjì ló kù, ẹ ò nílò kàlẹ́ńdà. Ìgbà mẹ́ta yìí ni wọ́n máa ń gún ọmọ ní itan, òsì àti ọ̀tún, àjẹsára àrùn márùn-ún ló wà nínú abẹ́rẹ́ itan òsì nìkan: gbọ̀fungbọ̀fun, ikọ́ àwúbì, ipá, àrùn ẹ̀dọ̀, àti kòkòrò kan tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn. Oṣù 9 ni ti èèyi àti ibà pọ́njú.

Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní èwo kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ìdí ni pé ti ikọ́ ife, ti èèyi àti ti ibà pọ́njú, ìyẹ̀fun ni wọ́n, wọ́n á po ó, ìgò kan sì tó ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá ti ṣí i, ó pẹ́ jù wákàtí 6 wọ́n gbọ́dọ̀ dà á nù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ báyìí tí ọmọ á pọ̀. Ó máa ń bí àwọn ìyá nínú, pàápàá ẹni tó wá láti abúlé, tó bá sì ti bínú lọ ẹ̀ẹ̀kan kì í padà wá mọ́. Mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, iṣẹ́jú kan ni àlàyé yẹn ń gbà.

Tẹ́ ẹ bá ti pẹ́, ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó jágbe mọ́ obìnrin kan lójú gbogbo wa torí pé ọjọ́ ọmọ ti kọjá, obìnrin yẹn gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n ó lọ, mi ò rí i níbẹ̀ mọ́, ó dùn mí títí dòní. Ọmọ tó bá pẹ́ kì í tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó dúró sí ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Ẹ ní sùúrù fún ariwo yẹn nítorí ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí nílé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni.

Kí wọ́n tó gún un, ẹ sọ tó bá ti gìrì rí, tàbí tí abẹ́rẹ́ tó kọjá bá ṣe é gan-an. Imú tó ń ṣe omi díẹ̀ ò ní kó má gbà á. Ẹ rí i pé inú ọ̀rá tuntun ni wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló lè ṣe ọmọ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá jókòó bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú Alhaja dání tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra wọn, kó má jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ padà wá ròyìn.

Ní alẹ́, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ibi tí wọ́n gún lè le. Ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ẹ fi aṣọ tó tutù lé ibi abẹ́rẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi òrí ra á, ẹ má fi àgbo sí i. Párásítámọ́ọ̀lù olómi, ẹ dúró kí ara gbóná ná, kó sì jẹ́ ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá kọ fún ìwúwo ọmọ yín, kì í ṣe ti ọmọ aládùúgbò. Ti apá òsì yẹn á ṣe bí eéwo kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, á gbẹ, á fi àpá sílẹ̀. Ti èèyi máa ń tan èèyàn jẹ torí bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni ara tó máa ń gbóná, tí nǹkan wínniwínni á sì sú díẹ̀ sára àwọn kan. Àmọ́ tí ojú bá wú, tí kò lè mí dáadáa, tó bá gìrì, tàbí tó ń ké fún wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ lóru yẹn.

Káàdì, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá kó lọ sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, òun ni wọ́n á wò.

Ó ku oṣù 15, ti èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òun ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé torí ọmọ ti ń sáré káàkiri nígbà yẹn, a rò pé ó ti parí. Èmi náà gbàgbé tèmi. Alhaja ni wọ́n pè mí láti Àjàṣẹ́-Ìpo láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, wọ́n ní ṣé mo ti gbé ọmọ àwọn lọ.