Ṣájà mọ́tò oníná ń tan pupa, mọ́tò ò gba iná: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra mọ́tò oníná, tòkunbọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Surulere ni mò ń gbé. Tí mo bá ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pupa ló máa ń tàn, mọ́tò ò sì ní gba nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ fíríìjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé ṣájà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì ra òmíràn. Ó jọ pé ilé yín ni kò ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn waya kẹta tó wọ ilẹ̀. Kí irú ṣájà yẹn tó jẹ́ kí iná kọjá, ó máa kọ́kọ́ wò ó bóyá waya kẹta wọ ilẹ̀ lóòótọ́. Fíríìjì kì í bèèrè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ l'Ékòó, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta ló wà lára ògiri, waya méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Pe oníná tó ní mítà, kì í ṣe tẹ́sítà lásán. Kó wọn láìfù, ìyẹn waya tó ń gbé iná wá, sí ẹ́ẹ̀tì: tí iná bá dára, ó yẹ kó sún mọ́ fóltì 230. Tó bá jẹ́ òdo, tàbí tó ń ṣe ségesège, kó gbá ọ̀pá bàbà wọlẹ̀, kó fa waya rẹ̀ dé sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Oníná mìíràn á ní kí òun so níútírà, ìyẹn waya tí iná ń gbà padà, mọ́ ẹ́ẹ̀tì nínú pílọ́ọ̀gì, pé pupa yẹn á lọ. Á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí níútírà bá já lórí òpó, ara mọ́tò ló máa gbé iná. Má gbà fún un láé.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Pupa náà ni.

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í so níútírà mọ́ ilẹ̀. Oníná gidi lè ṣe é lára jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí ṣájà bá ń fa áńpíà 10, 2.3 kW nìyẹn, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Áì-bẹ́tà-pàsì ò lè gbé e. Dín ṣájà kù sí áńpíà 6 tó bá gbà, ìyẹn bíi 1.4 kW; Áì-bẹ́tà-pàsì ò lè gbé ìyẹn náà. Lójú tèmi ṣá, epo tí o sá fún náà ni o tún ń rà yẹn.

Ìbéèrè: Bátìrì 40 kWh ni o. Ìgbà wo ló máa kún?

Ìdáhùn: Lórí áńpíà 6, ó ju wákàtí 28 lọ. Ta ló ní kó kún? Surulere sí Marina, lọ bọ̀, bíi wákàtí mẹ́rin iná NEPA lóru ti tó o. Lọ́jọ́ tí ìyẹn náà ò bá sí, gbé e sílẹ̀, kí o wọ rélùwéè Blue Line ní National Theatre, n'Íganmú, dé Marina. Iná ni òun náà ń lò. Kó owó sórí káàdì Cowry ṣáájú, kí o sì fi kan ẹ̀rọ nígbà tí o bá ń wọlé àti nígbà tí o bá ń jáde.