Bí Mo Ṣe Ń Fi Orin Ẹnu Kọ́ Àwọn Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìmọ̀ Orin

Kò sí dùùrù ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ò sì dí wa lọ́wọ́ rí. Ohùn ni ohun èlò tí gbogbo ọmọ gbé wá láti ilé, kò lo iná, kò lo bátìrì. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́, ọmọ bí àádọ́ta nínú yàrá kan, abẹ́ CCA (Cultural and Creative Arts, ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà) ni orin sì wà lórí táìmù-tébù wa. Ṣọ́ọ̀kì, fóònù tó lè fún yín ní ohùn C tàbí D, àti etí yín: ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kọ́ wọn ní orin kankan, ẹ wá ibi tí ohùn wọn wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án máa ń kọrin pẹ̀lú ìrọ̀rùn láti D tó wà lókè C àárín dùùrù títí dé A. Ohùn tó rọ àwa àgbà lọ́rùn la sábà máa ń mú, ó sì rẹlẹ̀ jù fún wọn. Ti olùkọ́ ọkùnrin tún le díẹ̀, torí àwọn ọmọ á máa wá ohùn bàbá yẹn kiri nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi máa kùn sínú. Ẹ yan ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kí ó kọ́kọ́ gbé ohùn náà jáde fún àwọn yòókù.

Ariwo ńkọ́? Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọrin sókè, iṣan ọrùn ni wọn yóò fi kọ ọ́. Èmi máa ń ní kí wọ́n pa ètè dé kí wọ́n máa kùn bí oyin, tó bá ti tòrò, kí wọ́n wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: bí o kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó tì ọ́, o ti ń pariwo nìyẹn.

Orúkọ wọn ni orin àkọ́kọ́. Màá pe ọmọ kan bí ẹni ń pè é láti òdìkejì títì, màá fa orúkọ náà gùn títí yóò fi di orin. Òjó: dò mí. Táíwò: mí mí dò. Kẹ́hìndé: mí dò mí. Fọlákẹ́: re mí mí. Ẹni tí mo pè á kọ ọ́ padà fún mi pé “Mo wà níbí”, re dò mí mí. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, màá pa orúkọ mọ́ sínú, màá kùn ohùn rẹ̀ nìkan, màá ní kí wọ́n sọ ẹni tí mò ń pè. Bí mo bá kùn dò dò mí, ìjà dé nìyẹn: Àjàyí á dìde, Àìná á dìde, Ìdòwú àti Àlàbá náà á ní àwọn ni. Gbogbo wọn ló jàre. (Àwọn onílù gángan ti ń fi èyí jẹun tipẹ́.) Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ẹ ní kí ó pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nílé, kí ẹ sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ló kan lílé àti ègbè. Èyí ni mo ṣe fún wọn:

Lílé: Adìẹ mi dà? (re dò re re dò)
Ègbè: Ó wà lábẹ́ igi. (mí dò mí mí re re)

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n máa gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lásán. Ẹ bi wọ́n pé, ibo ni adìẹ wà? Ẹ tún un kọ: níbo ni ohùn mi ti sọ̀kalẹ̀ jù? Lẹ́yìn náà, ègbè nìkan ni kí ẹ fún wọn, kí lílé wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí wọ́n bá ń gbè, ẹ panu mọ́. Olùkọ́ tó bá ń bá wọn kọ ọ́ ò ní mọ ẹni tó ń ṣì í.

Tí èyí bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ ń wá. Ajá mi dà? Re mí re dò. Ewúrẹ́ mi dà? Re mí mí re dò. Àpò mi dà? Dò dò re dò. Ọmọ kan á fẹ́ fi ohùn adìẹ kọ ewúrẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti bá a tún un ṣe. Ìmọ̀ orin tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Tó bá yá, ohùn òkè lè kúrò lórí mí kó gun só tàbí là, kò sí wàhálà, bí kò bá ṣáà ti sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè.

Ti ìlù kò gba àkókò púpọ̀. Ẹsẹ̀ ni kó máa tẹ ilẹ̀ déédéé, kí ọwọ́ máa pàtẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já. Ìdajì kíláàsì lè mú ẹsẹ̀, ìdajì á mú ọwọ́.

Nígbà náà ni mo tó ń fi àmì ọwọ́ hàn wọ́n. Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣètò irú sòfà (dò re mí) tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ń kà. Àlùfáà John Curwen tún un ṣe, ó sì fi àmì ọwọ́ kún un. Dò jẹ́ ìkúùkù níwájú ìbàdí. Re, ọwọ́ á fì sókè díẹ̀. Mí, àtẹ́lẹwọ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á dojú kọ ilẹ̀. Só, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sí àyà, àtàǹpàkò á wà lókè. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Zoltán Kodály, olórin àti olùkọ́ orin ilẹ̀ Họ́ngárì, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti só àti mí. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ti mọ dò re mí níbi tí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ Yorùbá. N kò rí ìdí tí mo fi máa gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

Orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń fi sílẹ̀ di kíláàsì karùn-ún. Ohùn rẹ̀ sábà máa ń wọ́ ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ, etí ọmọ kékeré á sì dàrú. Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà Abẹ́òkúta nì, ti fi hàn pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: orin ìjọ tó fi Yorùbá kọ wọ inú àwo giramafóònù láàárín àwọn ọdún 1920.

Ọmọ kan á wà tí ohùn rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kó kàn máa la ẹnu lásán. Ẹ gbọ́ ohùn tó mú, ẹ lọ bá a níbẹ̀, ẹ fi ohùn yẹn kọ orúkọ rẹ̀ kí ó mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ohùn méjì bá pàdé. Ẹ wá ní kí ó ṣe bíi fèrè ọkọ̀ panápaná, láti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè. Àárín àwọn méjì tí ohùn wọn dúró ṣinṣin ni kí ó máa jókòó, kì í ṣe ẹ̀yìn kíláàsì.

Ní ìparí táàmù, n kì í ṣe ìdánwò ìwé fún orin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á lé ìlà kan tó fúnra rẹ̀ ṣe, kíláàsì á gbè é. Ohun tí mò ń fún ní máàkì ni pé kí ohùn bá ọ̀rọ̀ mu, kí ó wọlé lásìkò lẹ́yìn ègbè, kí ó má sì pariwo. Ẹni tí ojú bá ń tì lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání, kí wọ́n jọ lé e.