Bí O Ṣe Lè Ṣírò Ọ̀nà Bàálù àti Wákàtí Rẹ̀ Láti Èkó dé New York

Má fi rúlà wọn ọ̀nà bàálù lórí máàpù ara ògiri. Ayé rí roboto, máàpù tẹ́ pẹrẹsẹ; ìlà tó gún lórí bébà kọ́ ló kúrú jù. Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù tó fún iṣẹ́ yìí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bó o bá dà á dùbúlẹ̀, bọ́tìnì sin àti cos á yọ. Rí i pé DEG (ìyẹn dìgírì) ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe RAD, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdáhùn á dàrú.

Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà ní latitude (bó ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé) 6.577, longitude (bó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich ní London) 3.321. JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, wà ní latitude 40.640, longitude -73.779. Èkó wà ní ìlà-oòrùn Greenwich, New York wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, nítorí náà ńṣe lo máa pa longitude méjèèjì pọ̀: 77.1. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bó o bá gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn, Kyrgyzstan lo máa wọn ọ̀nà lọ, wàá sì rí nǹkan bí 7,890 kìlómítà, iye tó jọ òótọ́ débi pé o ò ní fura.

Ṣe é báyìí: sin 6.577 lọ́nà sin 40.640. Fi cos 6.577 lọ́nà cos 40.640 lọ́nà cos 77.1 kún un. Wàá rí 0.2429. Tẹ cos⁻¹, ó di dìgírì 75.94. Dìgírì kan lórí ilẹ̀ ayé tó kìlómítà 111.2, nítorí náà sọ ọ́ di ìlọ́po 111.2, ó di nǹkan bí 8,445 kìlómítà, ìyẹn máìlì 5,250 ó dín díẹ̀.

Ó ku wákàtí. Bàálù ńlá máa ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan lókè, nítorí náà wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 23. Fi bí ìṣẹ́jú 40 kún un fún yíyí nílẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti afẹ́fẹ́: lókè Àtìláńtíìkì níhà àríwá, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù. Ó ń dojú kọ bàálù tó ń lọ, ó ń ti èyí tó ń bọ̀ wálé lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àlọ fi ń tó wákàtí 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àbọ̀ sì ń sún mọ́ 10.

Àsìkò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. Láti Sunday kejì oṣù March títí di Sunday àkọ́kọ́ oṣù November, New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn Èkó. Nígbà yòókù, 6 ni. Ká ní bàálù gbéra ní 11:30 alẹ́ nínú oṣù January, tó sì lo wákàtí 11 àti ààbọ̀. Aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni ní New York nígbà yẹn, á sì balẹ̀ ní aago 5 ìdájí ọjọ́ kejì. Ẹni tó kàn wo tíkẹ́ẹ̀tì á ní wákàtí 5 àti ààbọ̀ péré ni!

Bó o bá gba London, Èkó sí Heathrow jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, Heathrow sí JFK 5,540. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà tààrà kò ju nǹkan bí 2,100 lọ. Ìdúró ní Heathrow ló ń jẹ wákàtí, nítorí náà ka ìyẹn lọ́tọ̀ kó o tó sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ọ.